Owó Ọmọ, Orúkọ Ọmọ Ẹ̀gbọ́n

Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ dọ́là ni wọ́n ní kí Edmise Saintilus mú wá fún ìsìnkú bàbá rẹ̀. Wilbens, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ló pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, kò sì fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní àwọn tó ń tọ́jú òkú ti sọ iye tí wọn yóò gbà, ẹgbẹ̀rún méje àti igba dọ́là, pósí, mọ́tò àti ilẹ̀ ìsìnkú pọ̀ mọ́ ọn. Owó ẹgbẹ́ tí bàbá ti ń dá láti ọjọ́ pípẹ́ yóò san ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin nínú rẹ̀. Ìyókù, kí àwọn ọmọ pín in dọ́gba sí mẹ́ta: òun Wilbens, Guerda tó wà ní Montréal, àti Edmise. Ní ti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n olóògbé, ọgọ́rùn-ún dọ́là péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò mú wá, fún òdòdó àti búrẹ́dì àìsùn.

"Ṣé ó yé yín, Àǹtí?"

"Ó yé mi. Kó tó di ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, màá ti kó o wá."

Kò bá a ná an. Ẹni tó bá mọ Edmise yóò mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìwà rẹ̀, nítorí obìnrin tí í ná ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí ọlọ́jà yóò fi bẹ̀ ẹ́ kó máa lọ ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó ti dé Miami, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni nínú ilé Mésidor, ilé bàbá rẹ̀, yóò ka ọmọ tí yóò fi Edmise kún un. Owó náà wọ́n. Àmọ́ nǹkan tó ń rà níbẹ̀, ó ti wá a tipẹ́, kò sì sí ilé ìtajà tó ń tà á.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ilé ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì kan létíkun ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn tó wá jẹ̀gbádùn oòrùn. Rédíò kékeré kan máa ń wà lórí ẹ̀rọ ìgbẹṣọ, ohùn Anélus, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àwa ará Haiti, sì máa ń ti inú rẹ̀ jáde láràárọ̀: orin díẹ̀, ìpolówó káàdì fóònù, lẹ́yìn náà ìkéde òkú. Tí ó bá ti kan ìkéde òkú, gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ a dákẹ́. Kò sí ẹni tí kò ní èèyàn tó lè kú.

Anélus kà á báyìí: "Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn la fi ń kéde ìpapòdà Ọ̀gbẹ́ni Lérisson Mésidor, ọmọ bíbí Port-de-Paix. Ó fi ìyàwó sílẹ̀, Madan Clairemène Mésidor; ó fi ọmọ méjì sílẹ̀, Wilbens ní Miami níbí, Guerda ní Montréal; ó fi ọmọ ọmọ mẹ́rin sílẹ̀, àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Jocelin Mésidor, Edmise Saintilus àti àwọn mìíràn. Lọ́jọ́ Sátidé la ó sin ín."

Aṣọ ibùsùn tó gùn wà lọ́wọ́ Edmise àti Kettelie, ọ̀rẹ́ rẹ̀, èkíní di igun méjì mú, èkejì di igun méjì mú. Edmise kò jẹ́ kí tirẹ̀ bọ́. Ó rìn bá Kettelie, ó fi igun lé igun, wọ́n ká a.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n," ni Kettelie wí. "Bàbá tí o kọ odidi ìwé lé lórí. Tí mo fi dọ́là méjìlá ra ìwé náà. Ó yẹ kí n gbowó mi padà nìyẹn, torí ìwé ẹ ní bàbá ẹ ni, rédíò ní kì í ṣe."

"Dọ́là méje lo san. Èwo lo fẹ́ gbà padà, èyí tí o san ni àbí èyí tí o jẹ?"

"Má fi gbèsè pa ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ ká aṣọ yìí tán."

Kí ẹni tí kò gbé àárín wa má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyí. Ìwé ìgbéyàwó lè jóná, ọ́fíìsì ìjọba lè kọ orúkọ èèyàn ní ìkọkúkọ, kò sẹ́ni tó máa sùn síta nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá kà lórí òkú nínú rédíò, òun ni aládùúgbò ń gbà lóòótọ́. A ó gbọ́ ọ ní Miami, ẹnì kan a tẹ Port-de-Paix láago, ilẹ̀ kò sì ní ṣú kí ọjà ibẹ̀ tó gbọ́. Tí ọmọ tí Edmise bí bá fẹ́ gbé ọmọ ẹlòmíràn níyàwó lẹ́yìn ogún ọdún, ìkéde yẹn ni ìyá ìyàwó yóò rántí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń kà á. Tí wọ́n bá ti sin òkú, ó parí, a kì í tún un kà. Tí Edmise bá jẹ́ kí Sátidé kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n ni yóò jẹ́ títí òun náà yóò fi kú.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Edmise kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí Lérisson wọ ọkọ̀ ojú omi ní Port-de-Paix, tó fi òun àti Rosanna ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun máa ránṣẹ́ pè wọ́n. Owó tó ń fi ránṣẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wá. Nígbà tó yá ó bá Clairemène pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Miami, obìnrin tó ní ìwé ìgbélùú, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó, tí kò fẹ́ ọkọ tó ní ẹrù nílé. Lérisson sọ fún un pé òun kò lẹ́rù. Ìyẹn ni irọ́ àkọ́kọ́. Irọ́ kì í sì í dá gbé. Ó máa ń pe ẹbí ẹ̀ wá.

Rosanna kú nígbà tí Edmise jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Lérisson san owó kí wọ́n mú un wá. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Wọn kò tíì kúrò níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí tó ti sọ fún un: "Níbí, Tonton ni wàá máa pè mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ẹ́. Fún ìgbà díẹ̀ ni."

Ọmọ ọdún méjìlá tí kò rántí ojú bàbá rẹ̀, tó ń ṣe àṣàrò nínú ọkọ̀ òfurufú bí yóò ṣe pe "Papa" lójú rẹ̀, ló di ẹni tó ń pe bàbá rẹ̀ bí ẹni ń pe àbúrò ìyá. Ìgbà díẹ̀ náà kò tán. Ṣé Clairemène mọ̀? Imú Lérisson ló wà lójú Edmise, ẹsẹ̀ Lérisson ló fi ń rìn. Ẹni tó bá gbé pẹ̀lú àwọn méjèèjì fún ọdún mẹ́jọ tó ní òun kò mọ̀, ó ti pinnu pé òun kò ní mọ̀ ni.

Ó dàgbà, ó gba iṣẹ́, ó gba ilé tirẹ̀, ó bí ọmọ kan. Ní ọdún tó pé ọmọ ọdún márùndínlógójì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé. Kò sí ẹni tó rán an. Ó ní gbogbo bí òun ṣe ń dúró ti ẹ̀rọ ìfọṣọ, ọ̀rọ̀ ni òun ń rò, tí òun kò bá sì tú u síbì kan, òun yóò tú u lé ọ̀gá òun lórí lọ́jọ́ kan, wọn yóò sì lé òun. Èdè wa ló fi kọ ọ́. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì gba dọ́là méjì-méjì lórí ojú ìwé kan láti tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé àádọ́fà. Atẹ̀wé gba ẹgbẹ̀rún kan lé ní ọ̀ọ́dúnrún fún ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà. Tí a bá rò ó pọ̀, ẹ̀dà kan ná an ní dọ́là márùn-ún ó lé díẹ̀. Ó ń tà á ní méjìlá. Kì í ṣe òwò tó burú. Àkọlé rẹ̀ ni *Bàbá Tí Mò Ń Pè Ní Tonton*.

Ẹ̀yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ló máa ń ṣí búùtù mọ́tò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kó tò ó síbẹ̀. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ti Edmise kò kùtà. Àwọn kan rà á láti wò ó bóyá orúkọ àwọn wà nínú ẹ̀, àwọn mìíràn rà á láti wò ó bóyá ti ọ̀tá àwọn wà níbẹ̀. Ohun tó kọ kò ju ìrìn àjò lọ: ìyá tó dúró, bàbá tó lọ, ọmọ tí wọ́n fi orúkọ mìíràn gbà wọlé. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló wọ ìlú yìí lórúkọ ara rẹ̀? Ọkùnrin kan ra mẹ́rin, ó di ọwọ́ Edmise mú fún ìgbà pípẹ́. Madan Mésidor kò kí i mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Lérisson fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló wá sílé Edmise lọ́sàn-án Sátidé kan. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó jókòó, ó ní: "Kà á fún mi."

Ó kà á. Ó gbà á ní Sátidé méjì. Lérisson ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà tí Edmise bù fún un, ó ń gbọ́, kò dá a dúró lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó kà á parí, bàbá nu ẹnu rẹ̀.

"Ibì kan ṣoṣo lo ti ṣì í," ni ó wí. "O ní irinwó dọ́là ni mo san fún ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ọ̀ọ́dúnrún ni, àti ewúrẹ́ kan. Ewúrẹ́ ìyá ẹ ni."

"Ìyókù ńkọ́?"

"Mo ní ibì kan ṣoṣo."

Ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ. Edmise jókòó sórí àga náà títí ọbẹ̀ fi tutù. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n ti tán nìyẹn. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àlùfáà àlejò kan bèèrè lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé ta ni obìnrin yìí. Lérisson wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó ní: "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni." Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kú, kò sì yí i padà.

Ohun tí Edmise ń rò nìyí bó ṣe ń wakọ̀ lọ sílé Mésidor ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú náà. Àwọn èèyàn ti ń kóra jọ síwájú ilé fún àìsùn. Àwọn ọkùnrin ń ta dómínò lórí tábìlì, wọ́n ń gbá a mọ́ ọn gbàmù-gbàmù. Tíì atalẹ̀ wà níbẹ̀, kọfí wà níbẹ̀, búrẹ́dì wà nínú agbọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta dómínò rí i.

"Òǹkọ̀wé dé. Ẹ ṣọ́ ẹnu yín o, kí ẹ má lọ bá ara yín lójú ìwé lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ìwọ má bẹ̀rù," ni Edmise wí. "Owó ìwé wọ́n. Mi ò lè fi ojú ìwé ṣòfò lórí ẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó kọjá wọlé. Wilbens wà nídìí tábìlì ìjẹun, ó tú kọ́là ọrùn rẹ̀ sílẹ̀. Madan Mésidor jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ dúdú, ó fi ọwọ́ lé itan. Edmise kí wọn, ó bá wọn kẹ́dùn, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

"Wilbens, ta ló kọ ìkéde yẹn?"

"Èmi ni, Àǹtí. Màmá ń pè é, mò ń kọ ọ́."

"Ọmọ mélòó ni bàbá ní?"

Wilbens wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló dáhùn.

"Méjì ni mo bí fún un. Mo mọ iye ìgbà tí mo rọbí."

"Màmá, ẹnikẹ́ni kò bi yín nípa ìrọbí. Mi ò sọ pé ẹ̀yin lẹ bí mi. Rosanna Saintilus ló bí mi. Ti bàbá ni mò ń bèèrè."

"Ilé yìí lo ti jẹun fún ọdún mẹ́jọ. Orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n lo fi jẹ ẹ́. Mi ò gbọ́ kí o sọ pé ó korò nígbà yẹn."

"Mo jẹ ẹ́, ẹ ṣé. Àwo tí mo fi jẹ ẹ́, èmi náà ni mò ń fọ̀ ọ́, pẹ̀lú ti gbogbo ilé. Ìyẹn ti kúrò nílẹ̀."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ni Wilbens wí, "ẹ má jẹ́ ká ṣe èyí lónìí. Ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni. Gbogbo wa la mọ̀."

"Gbogbo yín lẹ mọ̀. Ẹ fi àpò mi mọ̀ ọ́n, ẹ ò fi ẹnu yín mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ lo bù fún mi. Èló lo bù fún Jocelin?"

"Ọgọ́rùn-ún."

"Kí ló dé?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ni Jocelin."

"Rédíò sọ pé bákan náà ni èmi àti Jocelin. Ìlà kan náà ni wọ́n tò wá sí."

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ogún dọ́là márùn-ún jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Owó ọmọ ẹ̀gbọ́n nìyí. Tí ẹ bá fẹ́ owó ọmọ, ẹ mọ ohun tí ẹ máa ṣe."

Wilbens kò fọwọ́ kan owó náà. "Àǹtí, tí owó ò bá pé lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì, wọn ò ní gbé bàbá jáde. Wọ́n ti sọ ọ́. Wọn kì í ta àwìn."

"Ẹ ní ọmọ méjì ni. Kí ọmọ méjì san án."

"Níbo lẹ fẹ́ kí n ti rí i? Ọmọ mi ń lọ sílé ìwé, Guerda gan-an ń yá tiẹ̀ ni."

"Ìwọ lo ka ọmọ, kì í ṣe èmi."

Madan Mésidor gbé ojú sókè. "Ìyẹn ni pé o fẹ́ kí òkú bàbá ẹ wà nínú òtútù títí, torí orúkọ?"

Ọ̀rọ̀ náà jáde tán kó tó mọ ohun tó sọ. Wilbens bojú wolẹ̀. Níta, ẹnì kan gbá dómínò mọ́lẹ̀, àwọn yòókù kígbe.

"Ẹ ṣé, Màmá," ni Edmise wí. "Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ sọ nìyẹn. Orí rédíò ló kù kí ẹ ti sọ ọ́."

"Mi ò ní sọ ọ́. Kí n kú kí n tó sọ ọ́."

"Ó dáa, màá bá yín sọ ọ́."

Ó dìde, ó kí wọn pé ó dàárọ̀, ó sì jáde láìmu kọfí.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù, tí wọ́n ti ń gba àgbá ẹrù tó ń lọ sí Haiti, ni Anélus ti ń ṣe ètò rẹ̀. Wákàtí kan ló ń háyà lọ́wọ́ àwọn tó ni rédíò, owó òkú ló fi ń san án. Edmise ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà kó tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

"Mo wá san owó ìkéde," ó wí. "Lérisson Mésidor."

"Wọ́n ti san án."

"Tiwọn nìyẹn. Tèmi ni mo wá san."

Anélus bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ti ń ka òkú láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. "Màdáámú, òkú kan, ìkéde kan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é."

"Ta ló ṣòfin yẹn?"

"Èmi ni."

"Ẹ tú u."

"Ẹ̀yin ò mọ Madan Mésidor? Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbé bàsáà wọn wá fún mi láti polówó. Tí mo bá ka èyí, mo pàdánù wọn."

"Èló lẹ gbà lọ́wọ́ Wilbens?"

"Ogójì dọ́là, kíkà mẹ́ta."

"Ogójì nìyí fún kíkà kan ṣoṣo, torí ọjọ́ ti lọ. Mi ò ní san owó ìbẹ̀rù yín mọ́ ọn."

Anélus wo owó náà, ó wo Edmise. Ìwé Edmise wà lórí tábìlì rẹ̀ lábẹ́ ife kọfí, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ní òrùka dúdú méjì.

"Mo kà á," ó wí. "Ibi tí ìyá yín dúró sí ẹ̀yìn ilé, tó ń wo ọkọ̀ títí... mo sunkún níbẹ̀."

"Ẹ sunkún, ẹ ò wá gbà á gbọ́?"

"Mo gbà á gbọ́. Gbígbà á gbọ́ kì í ṣe ìṣòro, kíkà á síta ni." Ó rò ó. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Màá kà á, ṣùgbọ́n màá fi 'wọ́n ní' ṣáájú. 'Wọ́n ní ó tún ní ọmọ kan.' Ẹnikẹ́ni ò ní lè mú mi."

"Rárá. Ẹ ò ní fi 'wọ́n ní' síwájú orúkọ bàbá mi. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń jẹ́ 'wọ́n ní'. Tí ẹ ò bá lè kà á ṣánṣán, ẹ dá ogójì mi padà, màá kà á fúnra mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé, kí pósí tó wọlé. Ìyẹn ò ní ná mi ní nǹkan kan."

Anélus mọ̀ pé yóò ṣe é. Ó na páálí sí i, ó ní kó kọ ọ́. Edmise kò pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó ti kọ ojú ìwé àádọ́fà lórí ọkùnrin kan, ìlà márùn-ún kò lè dá a láàmú. Anélus kà á lákàtúnkà, ó ń wá ibi tó ti bú èèyàn.

"Ẹ ò bú ẹnikẹ́ni."

"Mi ò wá bú. Mo wá tò ó bó ṣe rí."

Nígbà tí yóò fi kà á lórí afẹ́fẹ́, Edmise ti wà níbi iṣẹ́. Ẹ̀rọ ń kùn, rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

"A tún ń kéde ìpapòdà Ọ̀gbẹ́ni Lérisson Mésidor, tó kúrò ní Port-de-Paix nínú ọkọ̀ ojú omi, tó sì fi Miami ṣe ilé. Ó fi ọmọ mẹ́ta sáyé. Àkọ́bí ni Edmise, tí Rosanna Saintilus bí fún un. Wilbens àti Guerda tẹ̀ lé e, tí ìyàwó rẹ̀ Madan Clairemène bí fún un. Àkọ́bí rẹ̀ ló ní ká kéde rẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ olóògbé sí afẹ́fẹ́ rere."

Kettelie ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ó dáa. Màá san dọ́là márùn-ún tó kù."

"Lónìí?"

"Má bá mi fà á. Mo ní màá san án."

A kì í fi ọ̀fẹ́ gba orúkọ ẹni. Kí ọjọ́ náà tó parí, obìnrin méjì ti pe Edmise láti sọ pé àwọn kò ní ra ìwé rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an kò rà á rí. Ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ránṣẹ́ pé kó má pàtẹ ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Edmise rò ó: ìwé márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ́sẹ̀, ìyẹn tó àádọ́rin dọ́là. Ó ní òun ti rí iye tó ń ná òun, òun sì gbà bẹ́ẹ̀.

Wilbens pè é ní ìrọ̀lẹ́.

"Àǹtí, ẹ ti dójú tì wá. Fóònù ilé ò dákẹ́ látàárọ̀. Màmá ti wọ yàrá, ó ní òun ò jẹun."

"Irọ́ wo ni mo pa?"

"Guerda pè láti Montréal. Ẹnì kan ti sọ fún un lọ́hùn-ún. Ó ní kí ló ń bà mí lẹ́rù nínú ohun tí gbogbo èèyàn ti kà nínú ìwé."

"Guerda gbọ́n."

"Àǹtí, owó náà ńkọ́? Ọ̀la ni."

"Owó ọmọ wà lọ́wọ́ mi. Ibi tí wọ́n ń gbowó ni màá gbé e lọ, mi ò ní fi rán ẹnikẹ́ni. Wá pàdé mi níbẹ̀. Tí ẹ bá sì máa tò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó iwájú ni èmi máa jókòó."

"Màmá ò ní gbà."

"Mi ò ní kí ó gbà."

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n pàdé ní ilé àwọn olùtọ́jú òkú. Wilbens ti san tirẹ̀, ó ti san ti Guerda. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn gíláàsì tó ń gbowó, èèyàn bíi mẹ́fà sì jókòó sórí àga lẹ́yìn wọn, wọ́n ń dúró de tiwọn.

"Ta ló fẹ́ san ìyókù?" ni ọmọbìnrin náà bèèrè. "Kí lẹ jẹ́ sí olóògbé, Mà?"

Edmise ti di owó mú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò nà án. Ó yíjú sí Wilbens, ó dúró.

Wilbens wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ìyá rẹ̀ lè wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ó wí.

"Ọmọ bàbá yín ni, àbí ti àwọn ẹbí?" Ọmọbìnrin náà ti gbé ọwọ́ sórí ẹ̀rọ rẹ̀. "Mo ní láti mọ̀. Àwọn ọmọ ni mò ń kọ sórí káàdì mọ́tò àkọ́kọ́."

"Ọmọ bàbá mi."

"Mi ò gbọ́, Sà. Gíláàsì yìí."

Wilbens sún mọ́ ihò gíláàsì, ó sọ ọ́ sókè débi pé àwọn tó jókòó lẹ́yìn gbé orí. "Ọmọ bàbá mi ni mo ní. Òun ni àgbà wa."

Edmise ti owó náà sábẹ́ gíláàsì. Ọmọbìnrin náà kà á.

"Ẹgbẹ̀rún kan àti irinwó."

"Àǹtí, ó ku ọgọ́rùn-ún," ni Wilbens wí.

"Ọgọ́rùn-ún mi ti wà lórí tábìlì yín láti Ọjọ́rú."

"Owó ọmọ ẹ̀gbọ́n nìyẹn."

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n wo? O ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún gbogbo ilé yìí pé kò sí. Mú un jáde."

Wilbens ki ọwọ́ bọ àpò. Ó mú ogún dọ́là márùn-ún náà jáde, bí Edmise ṣe tò ó gan-an ló wà. Ó tì í sábẹ́ gíláàsì. Ọmọbìnrin náà kà á, owó pé, ó sì ní mọ́tò yóò wá lọ́jọ́ Sátidé.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, Edmise jókòó sí ìjókòó iwájú nínú aṣọ funfun. Madan Mésidor kò kí i. Edmise kò retí pé kí ó kí òun.